Wíwá k Lórí Ìlà: Ọdún Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, mo kí yín. Ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Alímọ̀ṣọ́ níbí, láàárín Ìpájà àti Ẹgbẹ́dá. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, mi ò ní ronú pẹ́ rárá. Ẹ̀kọ́ náà ni bí a ṣe ń wá nọ́ńbà tí a kò mọ̀ nínú àmì tó wà lórí ìlà. Ẹ̀kọ́ yìí ló fún mi ní ọ̀gá tó dára jù lọ tí mo mọ̀. Òun náà ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Títílayọ̀, kì í ṣe nítorí pé ọmọ náà kò gbọ́n, bí kò ṣe nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí mo fi sí i lẹ́nu. Mo máa sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò ní fi nǹkan pamọ́.

Kí ẹni tó ti gbàgbé ìṣirò má bàa sá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Ìkòtún. Tó bá fẹ́ mọ àtẹ̀gùn, á na okùn kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, á fà á kó le dáadáa, gbogbo àtẹ̀gùn náà ló sì gbọ́dọ̀ fi etí kan okùn yẹn. Bí ẹ bá sọ fún un bí àtẹ̀gùn kan ṣe jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó, láìgbójú sókè ló máa sọ bó ṣe ga tó fún yín. Ìdí ni pé okùn náà tọ́, jíjìnnà àti gíga sì ń tẹ̀lé òfin kan ṣoṣo.

Òfin yẹn ni àwa onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ìdọ́gba. A lè kọ ọ́ báyìí: y = 2x + 1. Lẹ́tà x ni ìrìn tí a rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, y ni ibi tí a gùn dé lókè. Àmì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà ní nọ́ńbà méjì, a sì ń kọ ti x ṣáájú: (3, 7). Tí wọ́n bá wá fún wa ní (k, 9), ẹnì kan ti fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pamọ́ fún wa nìyẹn. A ó fi k rọ́pò x, a ó fi 9 rọ́pò y, a ó rí 9 = 2k + 1. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lápá méjèèjì, ó ku 8 = 2k. Mẹ́rin ni k. Ẹ rí i pé kò le.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, mo sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lẹ́yìn títì Ìpájà. Ti owó oṣù, ẹ má bi mí. A jẹun, a sì tọ́mọ.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìjà ni olórí àwọn olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so okùn mọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ní ọjọ́ Àìkú ẹ máa rí i nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, á máa lọ létí títì bí ẹni pé kò sí òkúta kankan nílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ṣì funfun títí agogo méjì fi máa lù, láìní àbàwọ́n ṣọ́ọ̀kì kan. Èmi rèé, kí n tó kọ bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀kì á ti dé imú mi.

Àwọn ọmọ ń pè é ní Bàbá Fi-rọ́pò, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá tán lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ní àkókò ìsinmi, ẹ máa gbọ́ ọmọ kan lẹ́yìn: "Ẹ fi ìrẹsì rọ́pò jàre." Ó ń gbọ́ wọn. Kò bínú sí wọn rí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ṣọ́ọ̀kì yín dà?"

Mo fi páálí tuntun tí mo rà hàn án, inú mi ń dùn. Ó gbà á, ó fi í sínú dúróọ̀ rẹ̀, ó sì tì í pa.

"Ẹ máa gbà á padà ní tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Odindi tẹ́ẹ̀mù kan, bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn nínú kíláàsì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù, ó ní iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí àwọn ọmọ bá ń sọ lábẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé kí n kọ ìdáhùn tó tọ̀nà pẹ̀lú. Ó ní, "Ẹni tó gbà á ti gbà á. Ohun tí ẹni tí kò gbà á ń sọ ni kó o kọ fún mi." Ẹ kíyè sí i pé níwájú àwọn ọmọ, "ẹ" ló máa ń lò fún mi, tó bá ku àwa méjì, á di "ìwọ". Kò fi ìkan ṣèṣì pe èkejì rí láàárín gbogbo ọdún tí a jọ ṣiṣẹ́.

Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Ọmọ kan ní, "Lẹ́tà ni k, báwo ni lẹ́tà ṣe fẹ́ di mẹ́rin?" Òmíràn ní, "Wọ́n ní a ò mọ k. Tí tíṣà fúnra rẹ̀ ò bá mọ̀ ọ́n, kí ló kàn mí ńbẹ̀?" Ẹ̀kẹta kàn ń sọ pé ebi ń pa òun ṣá, ìyẹn náà mo kọ ọ́. Ọ̀gá á gba ìwé náà ní ọjọ́ Ẹtì, á kà á dé ìparí. Ní ọjọ́ Ajé, á dáhùn gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìdárúkọ ọmọ kankan. Fún ti àkọ́kọ́, ó ní, "Ohun tí a kò mọ̀ kì í ṣe ohun tó sọnù. Ó wà lórí ìlà, ó jókòó síbẹ̀. Orúkọ tí a ń pè é kó tó dáhùn ni k." Mo rí i tí ọmọ tó sọ̀rọ̀ náà gbórí sókè. Fún ti ẹni tí ebi ń pa, ó sọ fún kíláàsì pé kí ẹni tí kò bá jẹun kó tó kúrò nílé máa wá rí òun ṣáájú ìkórajọ òwúrọ̀. Àwọn méjì ló wá.

Ó le, mi ò ní parọ́. Tí ọmọ bá fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà láìkó o sínú àkámọ́, á fagi lé e, ì báà tọ̀nà. Tí ọmọ bá rí ìdáhùn tí kò dá a padà sínú ìdọ́gba láti wò ó bóyá ó jókòó, kò ní fún un ní máàkì pé. Àwa olùkọ́ mìíràn rò pé àṣejù ni. Tẹ́ẹ̀mù tí mo gba ṣọ́ọ̀kì mi padà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àṣejù.

Ìdọ́gba tí mo kọ sí bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà ni y = 5 − 2x, àmì náà sì ni (−3, k). Mo fi òdì mẹ́ta, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní máínọ̀ọ́sì mẹ́ta, rọ́pò x. Mi ò kó o sínú àkámọ́. Mo kọ 5 − 2 − 3, mo rí òdo, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan gòkè láti bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ọ̀gá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ má, mo fẹ́ bèèrè nǹkan."

"Ẹ bèèrè, sà."

"Tí x bá jẹ́ òdo, mélòó ni y?"

"Márùn-ún, sà."

"Tó bá jẹ́ ọ̀kan ńkọ́?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún nìyẹn. Ẹ̀yin wá mú un lọ sápá òsì, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé ìlà nìyí, má, àbí òrùlé?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí mi gbóná. Mo nù ún kúrò, mo kó òdì mẹ́ta sínú àkámọ́, 5 − 2(−3), ó di mọ́kànlá. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, mo ń retí ìbáwí. Ó kàn bu omi fún mi. Ó ní, "Wọ́n ti rí tíṣà wọn tó ṣì í, tó sì tún un ṣe lójú wọn. Mi ò lè kọ́ wọn ní ìyẹn fúnra mi. Èmi kì í ṣì í mọ́." Kò sì fi yangàn. Bó ṣe rí gan-an ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí irinṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Títílayọ̀ ti máa wọlé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, okùn la fi ń fa ìlà gígùn lórí bọ́ọ̀dù dúdú. A ó fi lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì ra okùn náà, ọmọ méjì á dì í mú lápá méjèèjì, èmi á fà á láàárín, màá sì jù ú sílẹ̀: pàì. Ìlà funfun á hàn lórí bọ́ọ̀dù, tó tọ́ ju èyí tí rúlà lè fà lọ. Àwọn ọmọ ń jà láti di okùn yẹn mú. Ìwé gíráàfù, ilé ìtàwé la ti ń rà á, gbogbo rẹ̀ ló máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lásìkò yẹn, àrùn kan wà tí gbogbo olùkọ́ ìṣirò mọ̀. Ọmọ á ṣírò (3, 7) dáadáa, tó bá dé orí gíráàfù á lọ fi àmì sí (7, 3). A bú wọn, a bẹ̀ wọ́n, kò lọ. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí àwọn onílé méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ kan l'Ákẹ̀sán: ọgọ́ta ẹsẹ̀ ní ìbú, ọgọ́fà ẹsẹ̀ ní òòró. Ó là sí mi lójú. Mo wọ kíláàsì, mo ní, "Ìbú ni x. Òòró ni y. Kí la máa ń sọ? Tìbú-tòòró. Ìbú ló ń ṣáájú." Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó tún da méjèèjì pọ̀ mọ́. Ọ̀gá wá jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù láti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn kíláàsì, ó fi ojú ìwé òfìfo hàn mí.

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan tó yí. Èmi náà máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, gbogbo àwa olùkọ́ ìṣirò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyìn tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó yẹn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó lọ ń gbé ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gan, èmi ló fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Ọdún ń lọ. Bọ́ọ̀dù funfun dé, máákà dé, ṣọ́ọ̀kì kò dé imú mi mọ́. Kọ̀ǹpútà wá dé, ó sì yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí a fi ń tẹ ẹ̀dà ìdánwò ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe, tí tàdáwà rẹ̀ á sì ba aṣọ wa jẹ́, kọ̀ǹpútà ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe é. A kò ra ìwé gíráàfù mọ́, à ń tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wa. Lónìí, fóònù ọmọ-ọmọ mi ń fa ìlà y = 2x + 1 kí n tó mú gíláàsì ojú mi, mo sì fẹ́ràn láti máa wò ó. Ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà kankan sọ fún yín pé irinṣẹ́ tuntun ló ba ìṣirò jẹ́.

Títílayọ̀ wà ní ìpele kẹta nígbà náà. Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Ó ti rí àwọn sọ̀fíyọ̀ tó wá wọn ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, tí wọ́n ń yọjú nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Wọ́n ní nọ́ńbà ni. Ọmọ náà wá bá mi, ó ní, "Má, nọ́ńbà wo ló wà nínú koríko?" Mo sọ fún un pé nọ́ńbà méjì ni, bíi ti àmì wa lórí gíráàfù. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ló fẹ́ ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìdánwò ìparí ìpele kẹta ló ń pinnu ìyẹn. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló máa ń máàkì rẹ̀ fún wa, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́.

Èsì dé ní ọjọ́ Ẹtì. Nínú kíláàsì mi, ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gba òdo nínú gíráàfù, ìbéèrè tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Títílayọ̀ wà lára wọn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, kò sunkún.

"Má, kíláàsì wo ni wọ́n máa kó mi lọ?"

"Wọn ò tíì lẹ orúkọ mọ́ ògiri."

"Ṣùgbọ́n máàkì yìí ò tó ti sáyẹ́ǹsì, àbí?"

"Kò tó."

Ó ní, "Mo dá k padà o, má. Ó jókòó." Ó sì lọ.

Mo wo ìwé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mi ò rí ojútùú rẹ̀. Ìbéèrè náà ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, (k, 9) lórí y = 2x + 1. Ó rí k = 4 láìṣì. Lórí gíráàfù, ìlà rẹ̀ sùn gbalaja bí ẹni tó rẹ̀, àmì rẹ̀ sì wà níbi mẹ́sàn-án lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́rin lọ sókè. Àwọn yòókù ṣe bákan náà. Ẹnì kan tilẹ̀ ń sọ ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ pé ṣe ni wọ́n jọ wo ara wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo kó ìwé mẹ́ta, ti Títílayọ̀ wà lókè, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀gan.

Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìjọ. Aṣọ funfun náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gba ìwé náà kó tó nu ọwọ́ tán.

"Ó kó o sínú àkámọ́. Ó dá a padà. Ta ni ọmọ yìí?"

"Títílayọ̀ ni, sà. Òun ló fẹ́ ṣe sọ̀fíyọ̀. Òdo ni wọ́n fún ìlà rẹ̀."

Ó wo gíráàfù náà títí. Ó dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó gbé ìwé náà dúró kó ga, ó sì yí ojú rẹ̀ sí òòrùn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ló kọjú sí wa. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

"Wá wò ó láti ibí."

Mo wò ó. Àwọn nọ́ńbà ti kẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n ìlà náà dìde. Ó gun òkè lọ bó ṣe yẹ kí y = 2x + 1 gùn, àmì náà sì jókòó síbi mẹ́rin lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́sàn-án lọ sókè, láìyẹ̀ ní fọ́nrán kan.

Ọ̀gá ní, "Ibo ni ìwé gíráàfù yìí ti wá?"

"Kọ̀ǹpútà la fi tẹ̀ ẹ́, sà. Ti ìdánwò yìí ni àkọ́kọ́."

"Ó dùbúlẹ̀. Tiwa àtijọ́ dúró. Nínú òòró àti ìbú, èwo ló ń gùn jù?"

"Òòró ni, sà."

"Ọmọ náà wá apá ibi tó gùn jù, ó pè é ní òòró, ó sì fi y síbẹ̀. Kò ṣe ju ohun tí a sọ fún un lọ."

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú kíláàsì mi, wọn kì í tilẹ̀ kọ x àti y sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mọ́, nítorí pé ìbú àti òòró ti wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó máàkì kò ní ọ̀nà tó fi lè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

"Èmi ni mo fà á, sà."

"Àwa ni. Mo jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ nǹkan tó yí, mo bá rò pé kò sí nǹkan tó yí." Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Ìgbà wo ni wọ́n máa fi orúkọ ránṣẹ́?"

"Ọjọ́bọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ pírínsípà lọ́la."

"Rárá o. Tí mo bá tẹ̀lé ọ, irun funfun mi ni wọ́n máa máa wò, wọn ò ní wo ìwé. Ìwọ ni kó o lọ."

Pírínsípà wa nígbà náà, Ìyáàfin Ṣónúgà, kì í fi àkókò ṣòfò. Mo gbé ìwé náà sí fèrèsé rẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe ṣe é, mo sì ṣàlàyé ìbú àti òòró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán.

"Alájà, ọdún mélòó lẹ ti ń kọ́ wọn báyìí?"

"Ọdún méjìdínlógún, má."

"Ẹ wá fẹ́ kí n yí máàkì padà nítorí pé ẹ̀yìn ìwé dára ju iwájú lọ?"

"Ẹ má yí i padà, má. Ohun tí wọ́n kọ, ó yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ìbéèrè kan yẹn ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, lórí ìwé tó dùbúlẹ̀. Àwọn tó máàkì tẹ́lẹ̀ ni kó ṣètò ìbéèrè náà, kí wọ́n sì máàkì rẹ̀."

Ó gbé fóònù, ó bá ilé ẹ̀kọ́ kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkórajọ òwúrọ̀, ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kó wà nínú fáìlì mi. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀.

Kíláàsì kan ṣoṣo ni mo ní kó tó di Ọjọ́rú. Mo dúró níwájú wọn, mo ní, "Ìlà yín yí nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi kọ́ yín kò pé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣì í."

Wọ́n ń wo ara wọn. Títílayọ̀ na ọwọ́. "Má, ṣé òòró kì í ṣe òòró mọ́ ni?"

"Òòró ṣì ni lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Lórí gíráàfù, èyí tó sùn ni x, èyí tó dúró ni y, ì báà gùn, ì báà kúrú."

Káyọ̀dé, aláwàdà kíláàsì náà, ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ká má gbàgbé tìbú-tòòró láéláé o, má. A ò gbàgbé. Ẹ tún wá ń bínú."

"Mi ò bínú, Káyọ̀dé. Mò ń bẹ̀ yín ni."

Ẹ̀rín tó ń bọ̀ dúró sọ́nà. Mo ní kí wọ́n gbé ìwé dúró, kí wọ́n kọ x sí etí ìlà tó sùn kí wọ́n tó kọ nǹkan mìíràn. Mo ní kí wọ́n yí i kó dùbúlẹ̀, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. A gbé e dúró, a yí i dùbúlẹ̀, títí agogo fi lù. Odindi ọdún mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ mi ti wà lórí wọn. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní láti fi tún un ṣe.

Ní Ọjọ́rú, wọn kò jẹ́ kí n wọ yàrá ìdánwò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jáde ni mo tó mọ ìbéèrè náà: (−2, k) lórí y = 3 − x. Títílayọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kí mi. Mi ò bi í bó ṣe ṣe é.

Wọ́n kó ìwé náà padà ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Nínú ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún ló ṣe é yege. Àwọn méjì tún fi y sí ìlà tó sùn. Mo wá wọn lọ sílé láti bẹ òbí wọn. Ìyá ọ̀kan gbà, bàbá èkejì kò gbà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Mo fi ti Títílayọ̀ ṣe ìkẹyìn. Ó kó òdì méjì sínú àkámọ́, 3 − (−2), ó rí márùn-ún, ó dá a padà. Ìlà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún bó ṣe yẹ, àmì rẹ̀ jókòó lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó sùn, ó kọ x gàdàgbà. Lábẹ́ x yẹn, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ní lẹ́tà wínníwínní tó jọ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ pé: Ìbú ni èyí, bó tilẹ̀ gùn.

Ẹni tó máàkì ti fi yíǹkì pupa kọ àmì ìbéèrè sí i. Lẹ́yìn náà ló fún un ní máàkì pé.

Ní Ọjọ́bọ̀, orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń lọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Mo tọrọ ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ sí Ẹ̀gan. Ọ̀gá kà á, ó tún un kà, ó sì fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà wínníwínní yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Ohun tó yẹ kí a ti sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní nìyí. Kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀, mo sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.